Abẹ́rẹ́ Ẹ̀ẹ̀kan Lóṣù: Ìdí Tí Ínsúlínì Kò Fi Tíì Sí Lára Wọn

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń fún ara wọn ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì lójoojúmọ́ máa ń bi èmi tí mo ń ta oògùn ní Òṣogbo níbí, ìbéèrè náà sì jinlẹ̀ ju bí àwọn tó ń bi í ṣe rò lọ. Wọ́n á ní, "Dókítà, bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ní jẹjẹrẹ pírósítéètì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń lọ gba abẹ́rẹ́ tiwọn. Kí ló wá dé tí ti àwa onítọ̀ ṣúgà kò lè rí bẹ́ẹ̀?" Ìdáhùn kúkúrú tí mo máa ń fún wọn ni pé oògùn tí a bá fẹ́ kó dúró lára fún oṣù kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀, tí àpọ̀jù rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sì ní í pa ẹni tó gbà á. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè parí lórí káńtà lọ, pàápàá nígbà tí èrò bá wà lẹ́yìn ẹni tó béèrè, ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín.

Ínsúlínì jẹ́ prótíìnì, họ́mọ̀nù ìdàgbà jẹ́ prótíìnì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tuntun tó lágbára. Okùn gígùn ni prótíìnì, àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ámínò ásíìdì ni wọ́n sì so mọ́ra wọn tó fi di okùn. Okùn náà á wá ká ara rẹ̀ jọ sí ìrísí kan pàtó, ìrísí yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́. Tí a bá gbé e mì, ikùn á dà á, nítorí pé ikùn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ẹ̀wà tí a jẹ lánàá. Abẹ́rẹ́ ló wá kù fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, bó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tán, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á tún máa kó o kúrò kíákíá, tó fi jẹ́ pé ínsúlínì tí a fi sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tààrà kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ pẹ́ gbọ́dọ̀ wá ibì kan fi í pamọ́ sí nínú ara, kí ó sì máa jáde níbẹ̀ ní ìwọ̀nba.

Èrò yìí ti pẹ́. Ní 1921 ni wọ́n rí ínsúlínì yọ ní Toronto, nígbà tó sì di 1936, Hagedorn, dókítà kan ní Denmark, ti so ó pọ̀ mọ́ prótíìnì mìíràn tí wọ́n ń rí nínú àtọ̀ ẹja kí ó má baà tètè yọ́. Ní 1946 ni èyí tí a ń pè ní NPH dé, ìyẹn ínsúlínì tí omi rẹ̀ kì í mọ́ gaara, tí nọ́ọ̀sì máa ń ní kí ẹ yí ìgò rẹ̀ síwá sẹ́yìn láàárín àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó fà á. Àwọn hóró kírísítà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awọ ló ń jẹ́ kí omi náà funfun. Ẹni tó bá ń lo NPH ti ń lo oògùn apẹ́lára tipẹ́tipẹ́ láìmọ̀. Àmọ́ nǹkan bíi wákàtí 12 sí 18 ni agbára rẹ̀ mọ.

Láti ibi wákàtí dé ibi oṣù, ó gba kí wọ́n kọ́kọ́ rí ohun tí oògùn lè jókòó sínú rẹ̀. Ní 1976, Robert Langer àti Judah Folkman, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Boston, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé a lè fi prótíìnì há inú pọ́límà, ìyẹn ohun tó dà bí ike, kí ó sì máa yọ jáde fún ohun tó lé ní 100 ọjọ́. Oníṣẹ́ abẹ ni Folkman, ohun tó ń wá ni ọ̀nà láti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ jẹjẹrẹ. Langer jẹ́ onímọ̀ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ àti kẹ́míkà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà gbà pé prótíìnì tóbi jù láti gba inú pọ́límà kọjá, nítorí náà àbájáde yẹn kò kọ́kọ́ dùn mọ́ wọn nínú. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá: pọ́límà tí wọ́n lò kì í yọ́ nínú ara, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n bá fi sí lára gbọ́dọ̀ padà wá kí wọ́n yọ ọ́.

Èyí tó ń yọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní tiwọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fi òwú tí a kì í tú rán inú ènìyàn, òwú tí a fi ásíìdì glycolic ṣe, tàbí tí a fi òun àti ásíìdì lactic pa pọ̀ ṣe. Obìnrin tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ní Òṣogbo lónìí lè gbé irú òwú bẹ́ẹ̀ lọ sílé, yóò sì parẹ́ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè. Àpòpọ̀ ásíìdì méjèèjì yìí ni wọ́n ń pè ní PLGA, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe àwọn hóró roboto wínníwínní tí wọ́n ń fi oògùn oṣooṣù há sínú wọn, èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Omi ara nìkan ti tó láti gé e: omi á wọ inú rẹ̀, á máa já okùn rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé, títí yóò fi ku ásíìdì méjèèjì nìkan. Ásíìdì lactic kì í ṣe àlejò lára, iṣan wa ń ṣe é nígbà tí a bá ń sáré. Ara á lò ó, á sì mí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù síta. Bí wọ́n bá po méjèèjì ní ìdajì-ìdajì, hóró náà á yọ́ tán láàárín oṣù kan sí méjì. Bí ti lactic bá jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó lè tó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yẹ kí a mọ̀, nítorí pé inú ṣíṣe rẹ̀ ni wàhálà prótíìnì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á po oògùn mọ́ omi díẹ̀. Wọ́n á yọ́ PLGA sínú dichloromethane, kẹ́míkà kan tó máa ń tètè fò lọ. Wọ́n á wá lu méjèèjì pọ̀ tagbára-tagbára títí omi oògùn yóò fi fọ́ sí ẹ̀kán tíntìntín nínú rẹ̀. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú omi púpọ̀, wọ́n á sì tún rò ó. Bí dichloromethane ti ń fò lọ, PLGA á máa le, títí yóò fi di hóró roboto tí oògùn wà nínú rẹ̀. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á mú un dì, wọ́n á sì fa omi inú rẹ̀ jáde títí yóò fi di ìyẹ̀fun gbígbẹ. Hóró kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, torí pé ohun tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ á dí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ wá wo ohun tí prótíìnì ti rí nínú gbogbo èyí: wọ́n lù ú, ó fara kan kẹ́míkà tó le, ó dúró ní ààlà omi àti ohun tó jọ epo níbi tí ìrísí rẹ̀ ti lè tú, wọ́n tún mú un dì, wọ́n gbẹ ẹ́. Kékeré inú wọn ló máa ń là á já jù.

Kékeré bẹ́ẹ̀ ni leuprolide, oògùn inú abẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá onípírósítéètì ń gbà. Ámínò ásíìdì 9 péré ló wà nínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ tó ohun tí a ń pè ní prótíìnì gan-an. Ilé iṣẹ́ Takeda ti Japan ló fi í sínú hóró PLGA, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí èyí tó jẹ́ ti oṣooṣù ní 1989 pẹ̀lú orúkọ Lupron Depot. Mìlígíráàmù 7.5 ni ìwọ̀n ti oṣù kan fún jẹjẹrẹ pírósítéètì. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin tó ní kókó nínú ilé ọmọ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ tún bá hóró náà mu. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń pàṣẹ fún họ́mọ̀nù ọkùnrin. Bí irú oògùn yìí bá ń kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ń kàn án tọ̀sán-tòru láìdáwọ́dúró, á dákẹ́, họ́mọ̀nù tó ń bọ́ jẹjẹrẹ náà á sì lọ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, họ́mọ̀nù náà máa ń ga ná kí ó tó wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi oògùn mìíràn kún un fún ẹni tí àrùn ti dé egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, bí leuprolide inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sókè lọ́pọ̀ ìlọ́po lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ gbé ènìyàn dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn.

Ó sì máa ń lọ sókè lóòótọ́. Àwọn ìyá aláró wa ní Òṣogbo mọ̀ pé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró, omi àkọ́kọ́ tí a bá fi ṣàn án á dúdú, nítorí pé aró tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ló kọ́kọ́ ń bọ́, èyí tó wọ inú òwú ló ń dúró. Hóró PLGA ń ṣe bákan náà. Oògùn tó wà lójú rẹ̀, àti èyí tó wà nínú àwọn ihò tó ṣí sí ìta, á tú jáde láàárín wákàtí díẹ̀ tí omi ara bá kàn án. Èyí tó há sí inú lọ́hùn-ún ni yóò máa dúró de ìgbà tí PLGA bá yọ́. Ẹni tó ń ṣe hóró náà lè dín ìtúsókè àkọ́kọ́ yìí kù, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó mú un kúrò pátápátá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ínsúlínì ti há. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń gba ẹyọ 30 lójúmọ́ (ẹyọ ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ínsúlínì). Ti oṣù kan á jẹ́ 900. Mìlígíráàmù ínsúlínì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ 29, nítorí náà 900 yẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlígíráàmù 31, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́rin leuprolide oṣù kan lọ. Bí oògùn bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá hóró náà, a óò gún ohun tó lé ní mìlígíráàmù 300 ìyẹ̀fun wọ inú ara lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́. Ohun tí kò ṣeé fara mọ́ ni pé bí ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún bá tú jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹyọ 90 ti wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó yẹ kó gba 30. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, ó lè dákú, ó lè kú sójú oorun. Kò sì sí ẹni tó lè fa hóró wọ̀nyí jáde mọ́. Àwọn ọmọ yóò kàn máa fún un ní omi ṣúgà ni, bí wọ́n bá tètè mọ ohun tó ń ṣe é.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n rí ọgbọ́n dá sí ìtúsókè yẹn, ẹni tó ń lo ínsúlínì kì í jẹ iye oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́. Ní Òṣogbo tí Mùsùlùmí pọ̀ sí yìí, tí ààwẹ̀ Ramadan bá ti ń sún mọ́ ni dókítà ti ń yí ìwọ̀n àti àkókò abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ibà lè dá ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ kí oúnjẹ má sì wọ ẹnu rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó gba ti oṣù kan sábẹ́ awọ kò ní ohunkóhun tó lè yí padà. Lójú tèmi, èyí burú ju ìtúsókè lọ, nítorí pé a lè fi ọgbọ́n kẹ́míkà dín ìtúsókè kù, ṣùgbọ́n kò sí kẹ́míkà tó lè mọ ọjọ́ tí ènìyàn kò ní í jẹun.

Àwọn prótíìnì ńlá tí àpọ̀jù wọn kò léwu tó bẹ́ẹ̀ náà ti rí ìjà tiwọn. Họ́mọ̀nù ìdàgbà ní ámínò ásíìdì 191, àwọn ọmọdé tí ara wọn kò ṣe é tó sì máa ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù December 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Nutropin Depot, èyí tí ilé iṣẹ́ Genentech àti Alkermes ṣe, tí wọ́n fi ń gún ọmọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ wù mí púpọ̀. Wọ́n fi síńkì so prótíìnì náà pọ̀ kí ó má baà tètè yọ́, wọ́n sọ ọ́ di ìyẹ̀fun gbígbẹ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó fojú kan kẹ́míkà, wọ́n sì fọ́n gbogbo rẹ̀ sínú òtútù náítírójìn olómi, tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan fi dì kí ìrísí prótíìnì tó ráyè tú. Síbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ lóṣù jẹ́ mìlígíráàmù 1.5 fún kílò ara kan, tó fi jẹ́ pé ọmọ tó wọn kílò 20 nílò mìlígíráàmù 30, nígbà tí ìgò tó tóbi jù kò ju 22.5 lọ. Abẹ́rẹ́ ju ẹyọ kan lọ nìyẹn, púpọ̀ nínú oògùn náà sì ń jáde ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2004, àwọn tó ń ṣe é dá a dúró, wọ́n ní ohun tó ń ná wọn láti máa ṣe é pọ̀ jù.

Ewu mìíràn wà nínú hóró náà fún prótíìnì ńlá. Bí PLGA ti ń yọ́, ásíìdì ń kó jọ sí àárín rẹ̀, ìwọ̀n pH níbẹ̀ (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe le tó) sì lè já wálẹ̀ kọjá 3. Ara òde kò mọ̀, ṣùgbọ́n prótíìnì tó ṣì ń dúró de ìgbà tirẹ̀ nínú lọ́hùn-ún mọ̀: òmíràn á lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, òmíràn á gé. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé magnesium hydroxide tí a bá pò mọ́ hóró náà ń pa ásíìdì ọ̀hún. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí pé òun kan náà ló wà nínú oògùn olómi funfun tí mò ń tà fún àwọn tí àyà ń ta. Kókó yìí náà ló da ètò kan rú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti lẹ́yìn ní àwọn ọdún 1990, pé kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì sínú PLGA kí aláboyún má baà máa padà wá fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì: prótíìnì àjẹsára náà ń bàjẹ́ nínú ọ̀rinrin àti ásíìdì kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Láàárín leuprolide kékeré àti họ́mọ̀nù ìdàgbà ńlá ni exenatide wà, ámínò ásíìdì 39, òun sì ni ó sún mọ́ àwọn onítọ̀ ṣúgà jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Inú oró aláǹgbá ńlá kan tó ń gbé aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà ni dókítà John Eng ti rí ohun tó jọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún un láti 2005. Ní January 2012 ni Bydureon dé, hóró PLGA tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni pé exenatide máa ń ti ara láti tú ínsúlínì sílẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá ga nìkan; bí ṣúgà bá wálẹ̀, ó dákẹ́. Àpọ̀jù rẹ̀ á mú èébì wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lo òun nìkan, kò wọ́pọ̀ kó mú ṣúgà ènìyàn já. Ó ń fi kókó kéékèèké sílẹ̀ lábẹ́ awọ níbi tí wọ́n gún, àwọn kókó náà sì máa ń lọ fúnra wọn.

Fún àwa tí a wà níbí, ooru tún jẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. PLGA gbígbẹ máa ń rọ̀ ní nǹkan bíi 45°C sí 50°C, ọ̀rinrin sì ń mú kí ó tètè rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró tó bá ti rọ̀ á lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní í gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá mọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn ní oṣù March lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe Bydureon, inú fíríìjì ló ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lóde, níbi tí kò ju 25°C lọ. Lupron Depot kò nílò fíríìjì, àyè sì wà fún un títí dé 30°C. Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń rà á lọ sí Ìkìrun tàbí Èjìgbò pé kí wọ́n má fi í sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀. Ohun kejì ni pípò rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ṣe tán láti gún un, nítorí pé hóró kì í pẹ́ rì sísàlẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì bá pò ó tán tó wá lọ dá ẹlòmíràn lóhùn, ìdajì oògùn lè ṣẹ́ kù sínú síríǹjì.

Ínsúlínì tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti wà báyìí, kò sì gba ọ̀nà hóró rárá. Icodec ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n so ọ̀rá kan mọ́ ọn tó ń jẹ́ kí ó rọ̀ mọ́ albumin, prótíìnì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀, kí ó sì máa bọ́ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ló ń fara pamọ́ sí, kò sí ojú hóró tí oògùn yóò ti tú jáde lójijì. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2024. Ìṣòro kejì tí mo sọ, ti ọjọ́ tí ènìyàn kò jẹun, ṣì bá a wọ ọ̀sẹ̀ yẹn: nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ara wọn kì í ṣe ínsúlínì rárá, ṣúgà wọn já wálẹ̀ ju ti àwọn tó ń gún un lójoojúmọ́ lọ. Ní oṣù May ọdún yẹn, àwọn onímọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè láti gbà á nímọ̀ràn dìbò 7 sí 4 pé èrè rẹ̀ kò tíì bo ewu rẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀.